Iṣẹ́ tí Ẹ̀bùnọlá Kò Jẹ́

"Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ, ẹ nawọ́ sókè!"

Gbogbo ọmọ tó tò sí gbàgede ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ní Bẹẹrẹ nawọ́ sókè. Ọ̀gá àgbà wọn, obìnrin kan tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Ọ̀gá, tún ọ̀rọ̀ náà sọ kí ó lè wọ̀ wọ́n létí: ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ rí bàbá àti ìyá gbogbo ọmọ. Ọdún 1982 ni. Tẹlifóònù ò sí ní ọ̀pọ̀ agboolé àárín Ìbàdàn nígbà náà. Ẹnu ọmọ ni ilé ẹ̀kọ́ fi ń bá òbí sọ̀rọ̀.

Ẹ̀bùnọlá, olórí kíláàsì kẹfà, nawọ́ tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Bí wọ́n ṣe túká, Mísìs Adéníyì pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mísìs Adéníyì ni olùkọ́ kíláàsì kejì, níbi tí Olúṣẹ́gun, àbúrò Ẹ̀bùnọlá, ti ń kàwé.

"Ẹ̀bùn, má gbàgbé o. Sọ fún wọn nílé pé èmi gan-an fẹ́ rí wọn. Ọ̀rọ̀ Ṣẹ́gun ni. Ohun kan wà tí kò yé mi nípa ọmọ yẹn."

"Mo gbọ́, mà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ohun tó ń jà lọ́kàn rẹ̀ ni pé Ọjọ́rú ni ìpàdé náà bọ́ sí. Bíríkìlà ni Gabriel, bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú kì í pẹ́ níbi iṣẹ́, nítorí ìsìn. Ìjọ Aládùúrà aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, bó bá sì ti wọ sùtánà rẹ̀, kì í wọ bàtà. Ó ti gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ kọjá bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà, Louisa, ọ̀rẹ́ Ẹ̀bùnọlá, pariwo pé, "Ẹ wá wo wòlíì ẹlẹ́sẹ̀ eruku!" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀bùnọlá náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ni.

Kóòtù àti táì ni bàbá Louisa máa ń wọ̀ wá sí ìpàdé. "Bí Bàbá bá fi ẹsẹ̀ lásán wọlé síwájú irú wọn," ni Ẹ̀bùnọlá wí lọ́kàn, "mo gbé!"

Nígbà tí wọ́n ń jẹun alẹ́ nílé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà, Gabriel béèrè bó ṣe máa ń béèrè lójoojúmọ́.

"Ẹ̀bùn, kí ni wọ́n wí nílé ìwé lónìí?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá."

Ó kọjú sí ọmọkùnrin náà. "Ṣẹ́gun, ìwọ ńkọ́?"

Ṣẹ́gun kò dáhùn. Ẹ̀bà rẹ̀ ló ń bù jẹ. Ìyá wọn gbá a léjìká, ọmọ náà sì ta gìrì. "Olóríkunkun! Ṣé o ò gbọ́ pé Bàbá ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni?"

Ọjọ́rú dé, ó lọ. Àwọn òbí kún ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n wọn ò rí Gabriel, wọn ò rí ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Mísìs Adéníyì béèrè lọ́wọ́ Ẹ̀bùnọlá bóyá ó jíṣẹ́.

"Mo jẹ́ ẹ, mà. Wọ́n ní àwọn ò ráyè."

Irọ́ kì í nìkan rìn. Èkejì ti tẹ̀ lé èkíní. Ojú olùkọ́ náà rẹ̀wẹ̀sì. "Wọn ò ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tiwọn? Kò burú."

Láti ọjọ́ náà, sùúrù Mísìs Adéníyì fún Ṣẹ́gun dín kù. Bó bá pè é tí kò dáhùn, ìkúnlẹ̀ ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ẹ̀bùnọlá yọjú lójú fèrèsé, ó rí àbúrò rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, apá rẹ̀ wà lókè, ó ń wojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Àánú ọmọ náà ṣe é. Síbẹ̀, ó pa ẹnu mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ẹkún. Àwọn méjèèjì ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó lọ sí Ọjà'ba. Ṣẹ́gun ti sá síwájú. Mọ́tò akẹ́rù kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fọn fèrè kíkan-kíkan.

"Ṣẹ́gun, yà! Yà!" ni Ẹ̀bùnọlá ń ké.

Ọmọ náà kò bojú wẹ̀yìn, kò sì yà. Obìnrin kan tó ń ti ọjà Gbági bọ̀, tó ru aṣọ títà, ló ju ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, tó fa Ṣẹ́gun lẹ́wù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mọ́tò náà gba orí aṣọ rẹ̀ kọjá. Sìdí lorúkọ obìnrin náà. Ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó di ọmọ náà mú.

"Ọmọ yìí," ló wí fún Ẹ̀bùnọlá, "ṣé kì í gbọ́ràn ni, àbí kò gbọ́rọ̀? Fèrè tí gbogbo Mápó gbọ́!"

Ìbéèrè náà wọ Ẹ̀bùnọlá lára ṣinṣin. Gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ lọ́kàn rẹ̀: ẹ̀bà alẹ́, ìkúnlẹ̀ kíláàsì, ohun tí kò yé Mísìs Adéníyì. Ó bá Sìdí ṣa aṣọ tó kún fún eruku, ó ń sunkún. Bó ti délé, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀, ó ka gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan, títí dórí ẹ̀rín tó rín bàbá rẹ̀.

Gabriel bi í pé, "Ẹ̀bùn, nítorí pé mo bọ́ bàtà níwájú Ọlọ́run ni o ò ṣe fẹ́ kí n dúró níwájú olùkọ́ yín?"

"Ẹ forí jì mí, Bàbá."

"Mo ti forí jì ọ́. Dìde. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ló ṣe pàtàkì jù. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá fẹnu ara rẹ sọ fún olùkọ́ pé iṣẹ́ náà ò dé ọ̀dọ̀ wa."

Ní ọjọ́ Ajé, àwọn òbí rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì sọ ọ́ lójú Ìyá Ọ̀gá àti Mísìs Adéníyì. Wọ́n gba ipò olórí kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀ títí sáà náà fi parí. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ fúyẹ́.

Àwọn àgbà wá jókòó sọ̀rọ̀. "Bí mo bá kọ ìṣirò sójú pátákó, Ṣẹ́gun kì í ṣì í," ni Mísìs Adéníyì wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹnu pe ọ̀rọ̀ fún wọn láti kọ, ti ẹni tó jókòó tì í ló ń jí wò. Mo rò pé ọ̀lẹ ni."

Ìyá Ṣẹ́gun gbọ́wọ́ lé àyà. "Yéè! Lọ́dún tó kọjá, ibà kan dá a dùbúlẹ̀, ọyún ń jáde létí rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, a ní ó ti tán."

Wọ́n wo ara wọn. Olùkọ́ mọ ìdajì, ìyá mọ ìdajì. Kò sẹ́ni tó mọ odindi àfi ìgbà tí wọ́n pàdé. Mísìs Adéníyì fa ọmọ náà mọ́ra, ó fẹnu kan etí rẹ̀, ó ní, "Ṣẹ́gun, má bínú sí mi."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ ṣe, mà?"

Ní ọsíbítù, dókítà fọ etí náà, ó fún un lóògùn, ó ní kí wọ́n dúpẹ́ pé kò tíì kọjá àtúnṣe. Mísìs Adéníyì gbé àga Ṣẹ́gun wá síwájú pátákó. Oṣù ń gorí oṣù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà dìde jókòó lórí ẹní, ó tẹ́tí sí òrùlé páànù.

"Màmá, òjò ń rọ̀!"

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún ayọ̀. Ó ti tó ọdún kan tí ọmọ náà ti gbọ́ ohùn òjò kẹ́yìn.

"Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni," ni Gabriel wí. Tẹbí-tẹbí ni wọ́n kọ́kọ́ lọ kí Sìdí. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ìdúpẹ́, Gabriel bẹ ẹ̀bẹ̀ kan: "Ìyá Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ wa sẹ́nu ọmọ nìkan mọ́. Ẹ ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ránṣẹ́ sí mọ́sáláṣí, ẹ bá àwọn ìyálọ́jà sọ̀rọ̀. A ó wá."

Ìyá Ọ̀gá gbà. Mísìs Adéníyì pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí agboolé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní Sátidé. Kì í ṣe ẹjọ́ nìkan ló ń rò, ó ń ròyìn ohun tí ọmọ ṣe dáadáa pẹ̀lú. Nígbà tí ìpàdé mìíràn yóò fi dé, ìjókòó kò tó, àwọn bàbá kan dúró lójú fèrèsé. Ìyá Ọ̀gá ní ọ̀tún ló ń wẹ òsì, tí òsì ń wẹ ọ̀tún, tí ọwọ́ fi ń mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé àti ilé ẹ̀kọ́. Ó wá béèrè bóyá ọmọ kan ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Ẹ̀bùnọlá dìde. Louisa wà níbẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn òbí rẹ̀, ó kí àwọn olùkọ́, ó kí Sìdí tó jókòó láàárín èrò.

"Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí ara yín," ló wí. "Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá rán wa níṣẹ́ sílé, ẹ jẹ́ ká jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán wa. Ìtìjú tí mo ń sá fún kò lè pa mí. Irọ́ tí mo fi bò ó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àbúrò mi."