Èkejì Bàtà Pupa

"Wọ́n ní..."

"Kí ni wọ́n ní?"

"Wọ́n ní Ìyá Àgbà ní ọmọ tuntun yẹn jọ Bàbá bí ìmumu. Àmọ́ Pẹ́pẹ́..."

"Pẹ́pẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ní Pẹ́pẹ́ kò jọ..."

Ọmọ káfíńtà ló gbọ́ ọ lẹ́nu fèrèsé. Ìyá rẹ̀ pè é, ó sá lọ. Kò dúró gbọ́ ìyókù.

Ohun tó sọ fún Ẹ̀gbọ́n Pẹ́pẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n sọ fún Pẹ́pẹ́.

Pẹ́pẹ́ rèé. Torí bó ṣe ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Pẹ́-pẹ̀, pẹ́-pẹ̀, pẹ́-pẹ̀.

Òní ni Ìyá Àgbà ń padà sílé rẹ̀. Ó ti wá kí ọmọ tuntun, àbúrò Pẹ́pẹ́, ó ti wẹ̀ ẹ́, ó ti pọ̀n ọ́n. Ó yá, ó ń lọ.

Bàbá Pẹ́pẹ́ ń tún bàtà ṣe. Kọ́, kọ́, kọ́! Òòlù ń dún ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀.

Pẹ́pẹ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Òun ló ń wá èkejì bàtà.

Á mú ọ̀kan. Á mú ìkejì. Á ní, "Èyí jọ èyí. Ó yá, ẹ sùn pọ̀!" Á sì fi okùn so wọ́n pọ̀.

Ṣùgbọ́n bàtà dúdú mẹ́rin lè jọra. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ èkejì?

"Yí i padà," Bàbá a ní. "Wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wo ibi tó ti jẹ, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́ jù. Ojú lè tan èèyàn, Pẹ́pẹ́. Ẹsẹ̀ kì í purọ́."

Lónìí, Pẹ́pẹ́ kò so bàtà kankan. Ó lọ dúró níwájú dígí.

Imú Bàbá gùn. Ti Pẹ́pẹ́ kò gùn.

Etí Màámi kéré. Ẹ̀gbọ́n náà, etí rẹ̀ kéré. Etí Pẹ́pẹ́ rèé, ó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀.

"Gbogbo bàtà ló ní èkejì," Pẹ́pẹ́ ní. "Èmi nìkan ni mi ò ní."

Bàtà Ìyá Àgbà wà lórí tábìlì. Bàtà pupa méjì. Bàbá ti nù wọ́n, wọ́n ń dán yanran.

"Ìyá Àgbà ló sọ ọ́," Pẹ́pẹ́ ní. Inú bí i. Inú bí i gan-an.

Ó mú ẹsẹ̀ kan. Ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Pẹ́-pẹ̀, pẹ́-pẹ̀, pẹ́-pẹ̀.

Pọ̀ọ́! Ó jù ú sínú gọ́tà.

Pẹ́pẹ́ rò pé inú òun máa dùn. Kò dùn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Ìyá Àgbà dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. "Bàbá Pẹ́pẹ́, bàtà mi dà? Ọkọ̀ ò ní dúró dè mí o."

"Ẹsẹ̀ kan rèé, Ìyá mi," Bàbá ní. "Èkejì dà?"

Wọ́n wo abẹ́ tábìlì. Kò sí.

Wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò sí.

Wọ́n tú àpò ńlá. Kò sí, kò sí, kò sí!

"Ẹ gbà mí," ni Ìyá Àgbà ní. "Àbí bàtà mi ti ṣíwájú mi lọ sílé ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Pẹ́pẹ́ kò lè rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà wo Pẹ́pẹ́. "Ọkọ mi, ìwọ lo mọ èkejì gbogbo bàtà. Jọ̀ọ́, bá mi wá tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Pẹ́pẹ́ bí abẹ́rẹ́. Ó yí padà. Ó sáré lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Bàtà náà wà nínú gọ́tà. Ó ti mumi yó. Àwọ̀ pupa rẹ̀ ń ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀.

"Háà," Pẹ́pẹ́ ní. "Háà, kí ni mo ṣe yìí?"

Ó fà á jáde. Ó fi igi ha ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Fà, fà, fà.

Ó rí ibi tí bàtà náà ti jẹ. Ní gìgísẹ̀ ni, ní ẹ̀gbẹ́ òde.

Pẹ́pẹ́ jókòó sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀. Ó yí i padà.

Ní gìgísẹ̀ ni. Ní ẹ̀gbẹ́ òde.

Ó gbé ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kékeré. "Èyí... jọ èyí," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó bá bú sẹ́kún.

Ó wọlé, bàtà kan lọ́wọ́ ọ̀tún, bàtà kan lọ́wọ́ òsì. "Ìyá Àgbà, èmi ni mo jù ú sí gọ́tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí ni bàtà fi ṣe ọ́?"

"Wọ́n ní ẹ ní mi ò jọ..."

"O ò jọ ta?"

"Wọn ò sọ."

Ìyá Àgbà gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó jókòó. "Wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ó wá ń tiro káàkiri ilé."

Ó fa Pẹ́pẹ́ mọ́ra. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sí i létí, látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Pẹ́pẹ́ nu bàtà náà. Ó fi pólíìṣì pa á. Ó tún pa á. Kò pupa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

"Wọn ò jọra mọ́," Pẹ́pẹ́ ní. Omijé tún ń bọ̀.

"Wọn ò jọra mọ́ lóòótọ́," Ìyá Àgbà ní. "Àmọ́ èkejì ara wọn ṣì ni wọ́n."

Ó wọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Kò, fọ̀ọ̀! Kò, fọ̀ọ̀! Ó di ẹ̀bá ọ̀nà.

Ìyá Àgbà wọ ọkọ̀. Pẹ́pẹ́ ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan pupa. Ọ̀kan ti ṣá.

Ká ní mo bèèrè ni, Pẹ́pẹ́ rò ó. Ká ní mo kàn bèèrè ni.

Ìyá Àgbà na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé ọkọ̀. Ó ń juwọ́, ó ń juwọ́, títí ọkọ̀ fi lọ.

Ọmọ káfíńtà sáré dé, òun àti Ẹ̀gbọ́n. "Pẹ́pẹ́! Wọ́n ní Ìyá Àgbà ní..."

"Ẹ dúró," Pẹ́pẹ́ ní. "Ẹ má gé e lẹ́sẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó dúró dáadáa.

"Ìyá Àgbà ní, 'Ọmọ tuntun yẹn jọ Bàbá rẹ̀ bí ìmumu. Àmọ́ Pẹ́pẹ́ kò jọ Bàbá rẹ̀, kò jọ Ìyá rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń rìn. Èkejì mi nìyẹn.'"