Ọ̀já Ẹsẹ̀ Láníyì

Ní àárọ̀ tí Láníyì ń padà sójú ogun ní Borno, Ìbídùnní ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wọn ní Nyanya lẹ́bàá Abuja, ó ń di ọ̀já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Aṣọ kákí gbọọrọ méjì ni, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé abẹ́ orúnkún, èyí tí bàbá àgbà wọn wọ̀ bọ̀ láti ogun Bọ́mà. Nínú ẹbí wọn, ẹni tó bá di kókó rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ tú u.

“Màámi, ṣé n kò ní í wẹ̀ títí n ó fi dé ni?”

“Máa bọ́ ọ bí ìbọ̀sẹ̀. Bó o bá dé, màá tú u.”

“Sójà tí màmá ẹ̀ ń di ọ̀já mọ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín pa.”

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Ọlásúnkànmí, ọ̀gá Láníyì tí wọ́n jọ wà lójú ogun, wá sílé. Kò gbé òkú wá. Ó ní Láníyì ń sá lọ ni ọta fi bá a lẹ́yìn, tó sì kú. Láti ọjọ́ náà, wọn kò dárúkọ Láníyì mọ́ nínú àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ojo ni wọ́n kà á sí.

Ní ọ̀sán Sunday kan, Àlímátù aládùúgbò Ìbídùnní rọra pè é lójú fèrèsé.

“Ìyá Láníyì, sànnu o. Ẹsẹ̀ ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yín yẹn?”

Ọ̀já méjèèjì ló nàró síbẹ̀, wọ́n yí po bí ẹni pé ẹsẹ̀ wà nínú wọn. Òfìfo ni wọ́n. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, síbẹ̀ iyanrìn gbígbẹ ń dà jáde nínú wọn. Ìbídùnní wo kókó náà. Tirẹ̀ ni. Ó fi ìka wá ihò ọta. Ojúgun ni gbogbo wọn wà. Kò sí ẹyọ kan lẹ́yìn.

Kò sunkún. Ó pe Ọlásúnkànmí lórí fóònù. “Ẹrù yín ti dé.”

Ọkùnrin náà dé, ó dúró, kò lè wọlé.

“Fọwọ́ kan ọ̀já yìí,” ni Ìbídùnní wí.

Ó fọwọ́ kàn án, ó sì já ọwọ́ gbà. Ọ̀já náà gbóná bí ara alààyè.

“Láníyì ní ká máa lọ, òun á dá àwọn ọ̀tá dúró,” ló sọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Àwa la sá, Màmá.”

“Lọ sọ ọ́ ní gbangba.”

“Wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́.”

“Ọmọ tèmi ńkọ́?”

Ọlásúnkànmí kò sọ ọ́ ní gbangba, kò sì padà wá mọ́. Ọ̀já méjèèjì ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, iyanrìn ṣì ń dà. Àràárọ̀ ni Ìbídùnní ń gbá a. Kò tíì tú kókó náà.