Ọwọ́ Tó Ń Bọ́ Alága Ti Pọ̀ Jù

Kò sí ẹni tó ń gba pálọ̀ ilé náà kọjá tí kì í dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì ńlá tí wọ́n ń sin ẹja sí. Màmá á ṣí agolo, á fi ọmọ ìka bu oúnjẹ díẹ̀, á wọ́n ọn sójú omi. Bí àbúrò ọkọ rẹ̀ bá dé, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, òun náà á wọ́n tirẹ̀. Ọmọ Màmá ọkùnrin, tó ń tọ́jú ọgbà òdòdó fún àwọn olówó, á yà wọlé kó tó lọ síbi iṣẹ́, á wọ́n. Ọmọbìnrin Màmá á wọ́n nígbà tó bá ń gbálẹ̀. Wọn kì í bi ara wọn pé ta ló ti wọ́n.

Ọ̀fọ̀ ló fà á. Káfíńtà ni baálé ilé náà nígbà ayé rẹ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan tábìlì tí gíláàsì náà jókòó lé. Ẹja pupa ńlá kan wà níbẹ̀ tó sọ ní Alága. Ó máa ń sọ pé nígbà tí ẹgbẹ́ káfíńtà ò jẹ́ kóun ṣe alága, ẹja òun á bá òun ṣe é. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn tí Màmá gbọ́ yé ni, "Ẹ bá mi tọ́jú Alága." Láti ìgbà náà, ẹni tí àárò bàbá bá ń sọ, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sínú agolo.

Ọmọbìnrin ló ra ewéko omi wálé, kí gíláàsì lè dùn ún wò. Ó yọ ọ́ nínú ọ̀rá, ó rì í bọ omi lójú ẹsẹ̀. Kò ṣàn án, kò sì yẹ abẹ́ ewé rẹ̀ wò.

Kò pẹ́ tí ìṣáwùrú kéékèèké, àwọn ìgbín inú omi, fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára gíláàsì. Àwọn ará ilé kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe ẹ̀rín. Bàbá Kékeré ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Alága ló wá ṣèpàdé. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán. Ìṣáwùrú bo gíláàsì, wọ́n bo òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀, wọ́n dí ẹnu asẹ́ tó ń sẹ́ omi. Omi ṣókùnkùn, ó ń rùn. Alága ò wá sójú gíláàsì mọ́.

"Wọ́n fẹ́ jẹ ẹ́ tán," Màmá sọ, omijé lé ròrò sójú rẹ̀. "Ohun kan ṣoṣo tí bàbá yín fi lé mi lọ́wọ́ rèé o."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ọmọkùnrin dáhùn. "Oògùn ìgbín wà níbi iṣẹ́ wa. Ìgbín tó bá kàn án nídìí òdòdó ò ní jí mọ́."

"Ṣé ti inú omi náà ni?"

"Màmá, ìgbín ni ìgbín ń jẹ́."

Gbólóhùn yẹn ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìfẹ́ ló mú un sọ ọ́. Ó gbé oògùn náà dé, ó dà á sínú omi, ó rò pé òun ti gba ogún bàbá òun sílẹ̀.

Nígbà tí Màmá jí, àwọn ìṣáwùrú ti já bọ́ sísàlẹ̀, wọ́n ti ń jẹrà. Àwọn ẹja ń yanu lójú omi. Alága ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá figbe ta, ni obìnrin dókítà ẹranko tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Kí lẹ dà sí i?"

Ọmọkùnrin na ìgò oògùn sí i. Dókítà kà á, ó mi orí.

"Ẹ wá garawa mímọ́ fún mi, pẹ̀lú omi tó ti wà nílẹ̀ láti àná. Kì í ṣe ti ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ o, kẹ́míkà inú rẹ̀ lè pa wọ́n. Ẹ yára!"

Wọ́n kó àwọn ẹja sínú garawa, wọ́n ki rọ́bà ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn bọ̀ ọ́. Àwọn kéékèèké méjì sọjí. Alága la ẹnu, ó pa á dé, kò sì là á mọ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọmọkùnrin jókòó sórí ilẹ̀. "Èmi ni mo pa á."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Oògùn tó ń pa ìgbín inú ọgbà lè pa ẹja pẹ̀lú. Àwọn ìgbín tó kú tún ba omi tó kù jẹ́. Ṣùgbọ́n irú ìgbín yìí kì í jẹ ẹja. Oúnjẹ tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń jẹ. Ta ló ń bọ́ ẹja yín?"

"Èmi ni," Màmá sọ.

"Èmi náà ń fún un," Bàbá Kékeré sọ.

Ọmọbìnrin nawọ́ sókè. Ọmọkùnrin ò gbójú sókè, àmọ́ ó ní òun náà wà lára wọn.

Dókítà tọ́ka sí agolo oúnjẹ. "Ọwọ́ tó ń bọ́ Alága ti pọ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ìgbín ló ń bá a jẹ ìyókù, ni wọ́n fi ń bí sí i. Èyí tí wọn ò jẹ tán ló ń rà nínú omi. Ara Alága ò yá kí oògùn tó dé."

"Kí là bá ti ṣe?" Màmá béèrè.

"Ẹ̀ bá dín oúnjẹ kù, Màmá. Ẹ̀ bá ju ewé ẹ̀fọ́ tútù sómi lálẹ́, ìgbín á gùn ún, ẹ ó yọ ọ́ láàárọ̀ tòun tìgbín. Ẹ ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ ó máa fi rọ́bà fa ẹ̀gbin ìsàlẹ̀, ẹ ó máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Bàbá Kékeré ti ń fi asẹ́ kó òkú ìṣáwùrú. "Ẹ jẹ́ n lọ da ìwọ̀nyí sí gọ́tà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà wọ́n síbẹ̀, Bàbá. Ọ̀kan tó bá ṣì yè, odò ló ń lọ, á sì di wàhálà fún ẹlòmíì. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá, ẹ so ó, kó sùn nínú fíríìsà kẹ́ ẹ tó kó o fún àwọn akólẹ̀kódọ̀tí. Kẹ́ ẹ sì fọ ọwọ́ yín. Omi olóògùn yìí, màá bi àwọn akólẹ̀kódọ̀tí náà léèrè ibi tó yẹ ká gbé e sí."

Aṣọ tí bàbá máa ń fi nu tábìlì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ni Màmá fi wé Alága.

Wọ́n fọ gíláàsì náà, wọ́n kó òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, wọ́n sì dá ẹja méjì yẹn padà síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Kékeré dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ síbi agolo. Màmá rọra dì í lọ́wọ́ mú.

"Bàbá Kékeré, wọ́n ti jẹun. Ẹ jókòó, ẹ sọ nǹkan kan fún mi nípa ẹ̀gbọ́n yín."

Ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja nílé, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kan ṣoṣo máa bọ́ wọn, kó sì jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán kíá. Ewéko tí ẹ bá rà, ẹ ṣàn án, ẹ yẹ abẹ́ ewé rẹ̀ wò, nítorí ẹyin ìṣáwùrú máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń yọ̀ bí ikun. Ẹ fi sínú garawa ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹja. Igi gánńgán-ràn-án má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ìṣáwùrú bá ti wọlé, ẹ má bẹ̀rù wọn, ẹ má sì da oògùn ọgbà sí omi. Ẹ bi ẹni tó mọ̀.

Ẹni tí àárò olóògbé bá sì ń sọ, kó wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹja ò lè bá wa gbé ìbànújẹ́ wa mì.