Apá Ọ̀tún Anyelo

Ọ̀gbẹ́ni Rosario, tí ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kan ní Amẹ́ríkà rán wá yẹ àwọn ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù wò, fi àtàǹpàkò tẹ ìgúnpá ọ̀tún Anyelo.

"Ṣé ibí yìí ti dùn ọ́ rí?"

"Rárá, sà."

Irọ́ ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Anyelo ò ti lè ti ọwọ́ yẹn bọ ẹ̀wù. Fello, olùkọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀, mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ tó ń ké ìrora kì í wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Amẹ́ríkà. Gbé oògùn yìí mì, kí o sì panu mọ́."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Anyelo. Ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láti ọdún méjì nítorí bọ́ọ̀lù, bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ sunkún. Gbogbo àdúgbò wọn ní ìlú Baní ló gbójú lé apá yẹn.

Wilkin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń hán bọ́ọ̀lù tí Anyelo bá jù, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Sọ fún wọn, jàre. Àbí o fẹ́ kí iṣan ẹ já ni?"

"Ìwọ tí ẹnikẹ́ni ò wá wò, kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

Wilkin wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó lọ lóṣòó sí ipò rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ lọ fìrì. Ẹ̀rọ tó ń wọn eré rẹ̀ fi máìlì mọ́kànlélàádọ́rùn-ún ní wákàtí kan hàn. Rosario kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ̀rín sì gba ẹnu Fello. Nígbà tó ju ìkọkànlá, nǹkan ró pàà nínú ìgúnpá Anyelo. Ó wó lulẹ̀, ó sì ń bì.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní iṣan ìgúnpá náà ti já pátápátá. Kò sì sí ẹni tó máa sanwó iṣẹ́ abẹ tó lè tún un ṣe. Fello ò yọjú. Rosario ló wá.

"Ká ní o sọ fún mi ni," ó ní, "ǹ bá ní kí o sinmi fún oṣù mẹ́fà, ǹ bá sì padà wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú apá yẹn gbẹ̀yìn."

"Ṣé ẹ ṣì máa padà wá, sà?"

"Rárá, ọmọ mi."

Títí di òní, Anyelo ò lè fi ọwọ́ ọ̀tún gbé korobá omi. Bí òun àti Wilkin bá pàdé lójú ọ̀nà, Wilkin a kí i, òun a sì gbójú sí ibòmíràn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ìrora pamọ́ torí àǹfààní kan. Àǹfààní lè padà wá, ṣùgbọ́n apá Anyelo ò padà bọ̀ sípò mọ́.