Irun Tí Sódìq Dá Sí fún Bọ̀dá Rẹ̀

"Ẹ wo orí ọmọ yín! Ẹ wò ó dáadáa!"

Ọ̀gá ilé-ìwé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Màmá Ọ̀ṣuntóyìn là ń pè wọ́n. Obìnrin pẹ́ńpẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fọhùn, gbogbo kíláàsì á pa lọ́lọ́. Sódìq àbúrò mi kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì ọ́fíìsì wọn, ó sorí kọ́. Irun orí ẹ̀ ti kún, ó ti ta kókó, ó dà bí ìgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò sán láti ọjọ́ pípẹ́.

"Àǹtí Kifayah, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣerun fún gbogbo ìlú, ọmọ yín ló wá rí báyìí? Ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC! Àbí òun náà fẹ́ bá wọn ṣe Yahoo ni?"

"Háà! Mà, kò sí Yahoo nílé wa o."

"Kí ló wá ń fi irun yẹn ṣe?"

Mo wo Sódìq. Ó gbójú sókè díẹ̀, ó mi orí, pé kí n má sọ ọ́. Mo bá gbé ọ̀rọ̀ mì.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ fún wa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó máa gé e."

"Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti gba ipò olórí kíláàsì lọ́wọ́ ẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì, kò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò ìgbáradì tá à ń ṣe lọ́wọ́. Bí àwọn tó máa ya fọ́tò WAEC bá wá dé, tí orí yìí bá ṣì rí báyìí, wọn ò ní yà á. Ẹni tí wọn ò bá yà, kò forúkọ sílẹ̀ nìyẹn. Ó tán!"

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kà á, ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà nídìí irun yẹn, torí kì í ṣe ìgbéraga, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ burúkú.

Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí. Èmi ni àkọ́bí, mo ń ṣerun ní Ìyànà Ọ̀fà, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ilé-ìwé yẹn. Mahfuz ló tẹ̀lé mi, ata ló ń gbìn lábúlé wa. Sódìq ni àbíkẹ́yìn. Àtìgbà tí bàbá wa ti kú, Mahfuz ló ń rán Sódìq nílé-ìwé, òun ló ń ra ìwé, òun ló ń ra bàtà. Mahfuz ò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún o. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀ ti pá. Kì í ṣe iwájú nìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú, ó gba àárín, ó dé ẹ̀yìn. Irun tó kù ò ju èyí tó yí etí àti ìpàkọ́ ká, bí òṣùká tó yọ̀ wálẹ̀. Bí orí bàbá wa náà ṣe rí nìyẹn.

Fìlà ò kúrò lórí Mahfuz. Nínú oòrùn oko, fìlà. Nídìí oúnjẹ, fìlà. Tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá nìkan ló máa ń ṣí i, á sì kọjú sí ògiri.

Wàyí o, ó lọ sí ìpàdé òbí nílé-ìwé Sódìq lọ́jọ́ kan. Atẹ́gùn gbé fìlà ẹ̀. Bó ṣe ń sáré lé e, tíṣà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dọ̀bálẹ̀ fún un. "Ẹ káàbọ̀ o, bàbá. Ẹ̀yin ni bàbá àgbà Sódìq, àbí?" Àwọn ọmọ ilé-ìwé gbọ́. Ó parí! Láti ọjọ́ yẹn, "Ọmọọmọ Bàbá Apárí" ni wọ́n ń pe Sódìq. Ó bá wọn jà títí, apá ò ká a.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jọ wà lóko, à ń bomi rin ọmọ ata tí Mahfuz ṣẹ̀ṣẹ̀ tú gbìn sórí ebè. Ó gbé garawa sílẹ̀.

"Àǹtí mi, mo ti pinnu. Mo máa lọ gbin irun."

"Kí ló jọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ń ṣe é. Mo rí i lórí fóònù. Dókítà kan máa ń ti Èkó wá sí ọsibítù kan n'Ìbàdàn. Irun ẹ̀yìn orí ni wọ́n máa ń tú, wọ́n á gbìn ín síwájú."

Sódìq yí lọ sẹ́yìn ẹ̀, ó yẹ ìpàkọ́ ẹ̀ wò. "Bọ̀dá, èyí ò tó nǹkan kan o."

"Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn náà nìyẹn."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ. Ó fọwọ́ ra orí ara ẹ̀, ó ní, "Ṣebí tèmi rèé. Bí ọmọ ata yín ò bá tó, ṣé ẹ kì í lọ tọrọ lórí ebè Bàbá Fágbóhùn? Ẹ kì í sì í gbìn ín kó hù? Ata ò kúkú bèèrè ebè ẹni tí wọ́n ti tú òun."

Mahfuz tẹjú mọ́ ọmọ ata nílẹ̀. Àbí ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn wọlé? Màmá wa gbọ́ ọ nílé, wọ́n ní ọmọ ìyá ò gbọdọ̀ fi irun du ara wọn, wọ́n ṣàdúà sí i. Kò sẹ́ni tó bi dókítà kankan. Mahfuz gba ọjọ́ sílẹ̀ lọ́sibítù Ìbàdàn yẹn, Ọjọ́bọ̀ kan báyìí. Sódìq sì jẹ́jẹ̀ẹ́ méjì: òun ò ní fi abẹ kan orí òun, òun ò sì ní sọ ọ̀rọ̀ orí Bọ̀dá òun fún ẹnikẹ́ni níta. Ohun tó fà á tó fi mi orí sí mi lọ́fíìsì nìyẹn.

Nígbà tó ku ọ̀la tí a máa lọ, Safwan ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá sílé wa. Ó fa Sódìq sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wọ́n ti yí ọjọ́ padà. Ọ̀la ni wọ́n máa ya fọ́tò WAEC. Màmá Ọ̀ṣuntóyìn ní ẹ̀rọ yẹn ò ní padà wá mọ́. Lọ gérun o!"

Sódìq ní òun ti gbọ́. Kò sọ fún mi. Kò sọ fún Mahfuz. Safwan ló padà sọ fún mi pé ohun tó fi dá òun lóhùn ni pé, "Ọdọọdún ni WAEC ń wà. Bọ̀dá mi ti dúró tó."

Ọjọ́bọ̀ mọ́, a gba Ìbàdàn lọ. Dókítà Ọlájídé kì í ṣe ẹni tó le, ẹlẹ́rìn-ín èèyàn ni. Wọ́n ní kí Mahfuz ṣí fìlà. Ó wo ilẹ̀kùn bóyá wọ́n ti tì í, kó tó ṣí fìlà. Dókítà tan iná sí i lórí, wọ́n ń yẹ ìpàkọ́ ẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀.

"Irun ẹ̀yìn yìí dáa," ni wọ́n wí. "Irú ẹ̀ kì í sábà já bíi ti iwájú. Ṣùgbọ́n kò lè bo gbogbo orí yín. Bí mo bá tú u jù, ẹ̀yìn náà á pá."

Mahfuz rẹ́rìn-ín. Ó fa Sódìq síwájú. "Ìyẹn ò ní dà wá láàmú, sà. Èyí tó kù rèé."

Dókítà wo Sódìq, wọ́n wo èmi. "Èwo ló kù?"

"Irun àbúrò mi, sà. Ó ti ń dá a sí bọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ìyá kan, bàbá kan ni wá."

Dókítà jókòó. "Ẹ má bínú o. Ta lẹ bi, tó sọ pé ó ṣe é ṣe?"

Mahfuz wo mi, mo wo Sódìq. Dókítà bá ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

"Kò ṣe é ṣe. Bí mo bá gbin irun ẹlòmíì sí yín lórí, ara yín á mọ̀ pé àlejò ni, á sì bá a jà títí tó fi máa kú. Àfi tó bá jẹ́ irú ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ yẹn. Gígùn tó tún gùn yìí, kò wúlò fún wa, gbòǹgbò la máa ń tú. Ta ló ní kí ọmọ yìí má gérun?"

Ibẹ̀ ni Sódìq ti bú sẹ́kún. Ẹkún gidi o, ọmọkùnrin tó ti tó gbéyàwó. "Òní ni wọ́n ń ya fọ́tò WAEC! Òní ni! Wọn ò ní padà wá mọ́!"

Mahfuz di í léjìká mú. "Òní wo? Sódìq, òní wo?"

"Mo rò pé irun mi máa wúlò fún yín, Bọ̀dá."

Ẹ wò ó, mo rí ojú Mahfuz lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí Ọjọ́bọ̀ yẹn. Dókítà ní àwọn ò tíì bá a sọ̀rọ̀ tán, ó ku ètò oògùn àti àyẹ̀wò. Mahfuz ti dìde.

"Sà, mo máa padà wá. Orí mi ò sá lọ síbì kankan. Ìwé àbúrò mi ló ń sá lọ."

Bí a ṣe rí ọkọ̀ wọ̀, Ọlọ́run ló yé. Nígbà tí a dé Ìyànà Ọ̀fà, a já wọ ṣọ́ọ̀bù Lànà onígbàjámọ̀. Kò síná. Kílípà ẹ̀ ti kú.

"Abẹ nìkan ló wà nílẹ̀ o," ni Lànà wí.

"Fá a!" ni Mahfuz wí.

Ó fá a kodoro. Irun tí ọmọ yẹn tìtorí ẹ̀ jìyà bọ́ sílẹ̀ tán, a ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí a dé ilé-ìwé, ọkùnrin oní-fọ́tò ti ń ká wáyà ẹ̀rọ ẹ̀. Màmá Ọ̀ṣuntóyìn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n káwọ́ gbera.

"Ẹ ti pẹ́. Mo ti sọ̀rọ̀ mi. Ọmọ tó bá ń ṣorí kunkun, kó lọ máa fi irun ẹ̀ ṣe WAEC."

Àwọn ọmọ ti yọrí lójú fèrèsé. Mahfuz dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn. Lẹ́yìn náà ó dìde sórí eékún, ó sì ṣe ohun tí mi ò rò pé ó lè ṣe láéláé. Ó ṣí fìlà. Níwájú gbogbo wọn, lójú ọ̀sán gangan.

Ẹnì kan pariwo, "Yéè! Bàbá Apárí!" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mahfuz ò wo ọ̀dọ̀ wọn.

"Mà, orí mi rèé. Torí ẹ̀ ni kò ṣe gérun. Ó rò pé wọ́n lè tú irun òun gbìn fún mi. Kò fẹ́ dójú tì mí, ni kò ṣe sọ fún yín. Èmi ni kẹ́ ẹ fìyà jẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á."

Ẹ̀rín kú lójú fèrèsé. Màmá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi í sójú.

"Ẹ dìde, ọmọ mi. Ẹ dìde." Wọ́n kọjú sí Sódìq. "Ìwọ! Bóo bá ti wí fún mi níkọ̀kọ̀, ṣé mo máa lù ú láago ni? Ṣé ẹ tiẹ̀ bi dókítà kankan?"

"A ò bi ẹnikẹ́ni, Mà."

"Ìdánwò ìgbáradì tó ti lọ ti lọ, mi ò ní ṣe é fún ìwọ nìkan. Ipò tí mo gbà ti di ti Safwan. Ṣùgbọ́n lọ jókòó síwájú ẹ̀rọ yẹn."

Oní-fọ́tò tú wáyà ẹ̀ padà. Ó wo orí Sódìq, ó ní, "Bọ̀ọ̀sì, tẹ orí sẹ́yìn díẹ̀, o ń dán sí mi lójú." Ó yà á, ó gba ìtẹ̀ka ẹ̀. Mahfuz yọjú sí fọ́tò yẹn lórí ẹ̀rọ, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ látọjọ́ tí orí ẹ̀ ti ń pá.

"Àǹtí mi, ẹ wá wò ó! Ta ló wá jẹ́ Bàbá Apárí báyìí?"

Ọwọ́ ló fi mú fìlà yẹn títí a fi délé.

Sódìq ṣe WAEC ẹ̀. Ìṣirò tí kò ṣe nínú ìgbáradì yẹn fún un níṣẹ́, ó ní láti kàwé ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó yege. Irun ẹ̀ kúkú ti hù padà kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Mahfuz náà padà sọ́dọ̀ dókítà, ó sì bèèrè gbogbo ohun tó yẹ kó bèèrè tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ lo oògùn fún bí ọdún kan, kí àwọn wò ó bóyá irun tó kù máa dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn á gbin iwájú nìkan, àwọn á fi àárín sílẹ̀. Mahfuz ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, pé bí ọmọ ata ò bá tó, ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí ojú èèyàn ń dé, ni òun máa ń kọ́kọ́ gbìn. Ó ṣì ń lo oògùn ẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò yẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìfẹ́ dáa, kéèyàn pinnu dáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn pamọ́ fún àwọn tó lè ràn yín lọ́wọ́. Sódìq fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé, "Kí n tó fi nǹkan mi sílẹ̀ torí ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kejì, mo máa kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó máa wúlò fún un."