Ojú Ọmọ Mákindé Pọ́n Ní Ọjọ́ Ìkómọ

Ìwọ tí wọ́n fi ìwé kékeré yìí lé lọ́wọ́ ní ọjà tàbí ní ìdíkọ̀, má tíì fi wé ẹ̀pà. Kọ́kọ́ ka ohun tó dé bá Mákindé ará Ìjerò.

Mákindé ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìjerò, Ìlóro àti Ara, ó sì rí jẹ. Kì í ṣe ọ̀mùtí, kì í ṣe olè. Ìgbéraga ni àìsàn tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é wá sí ilé Ọlọ́run, á ní, "Ẹni tí ebi ń pa ni kó máa ké pe Ọlọ́run. Apá mi ni mo fi là."

Ohun kan ṣoṣo ni apá rẹ̀ kò ká: ọmọ. Ó ti pẹ́ tí Ẹ̀yínadé ìyàwó rẹ̀ ti ń sunkún àìríbí. Nígbà tó wá lóyún, Mákindé lọ ra aṣọ ọmọ ní Ìbàdàn kí oṣù tó pé. Àwọn àgbà ní a kì í ra aṣọ fún ọmọ tí a kò tíì fojú rí. Ó fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó kó aṣọ náà sínú àpótí, ó sì fi káńfọ̀ sí i, èyí funfun roboto tó ń ta sánsán nímú, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

Ọmọkùnrin ni Ẹ̀yínadé bí, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira. Aṣọ inú àpótí ni wọ́n ń wọ̀ fún un. Bọ́sẹ̀dé, opó ẹ̀gbọ́n Mákindé, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Eunice, ló ń wẹ ọmọ náà. Obìnrin jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn Jésù ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, Bọ́sẹ̀dé gbé ọmọ sí ojú fèrèsé, ó wò ó dáadáa. Ojú ọmọ pọ́n bí ìyeyè. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà pọ́n. Láti àná ni kò ti mu ọmú bó ṣe yẹ. Ó lọ bá Mákindé níbi tó ti ń to àga.

"Ọkọ mi," bẹ́ẹ̀ ló ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀, "ara ọmọ yìí kò yá. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù báyìí."

"Lónìí? Kí n ní kí àwọn àlejò mi padà sílé?"

"Kí àwọn máa jẹun, kí àwa máa lọ."

"Ó di ìgbà tí a bá kó ọmọ tán. Má fi ẹnu rẹ ba ọjọ́ mi jẹ́."

Wọ́n sọ ọmọ náà ní Ayọ̀bọ́lá. Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Kí àwọn àlejò tó tú ká, Ẹ̀yínadé figbe ta nínú yàrá. Ọmọ ti le gbagidi, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, ó ń ké igbe tín-ín-rín kan tí wọn kò gbọ́ rí lẹ́nu ọmọ.

Kàkà kí Mákindé wá mọ́tò, ẹni tó fà á ló ń wá. "Ìwọ Bọ́sẹ̀dé! Ìwọ lo rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ẹnu rẹ lo fi ṣe é. Àjẹ́!" Níṣojú gbogbo àlejò ló da ẹrù opó náà síta.

Bọ́sẹ̀dé kọjú sí ìyá ọmọ. Ó wí fún Ẹ̀yínadé pé, "Gbé ọmọ rẹ, máa lọ." Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó forí lé Ìlóro, ìlú àwọn òbí rẹ̀.

Ọsibítù tó wà nítòsí ní ọ̀rọ̀ náà ju agbára àwọn lọ. Mọ́tò gbé wọn gba Aràmọ̀kọ́, ó gbé wọn gba òkè Ẹfọ̀n, títí wọ́n fi dé Ìbàdàn. Níbẹ̀, Dókítà Bánkọ́lé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wádìí ìdí tí irú àìsàn yìí fi ń pa àwọn ọmọ tuntun. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, títí àwọ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìyá pẹ̀lú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn náà, dókítà pe bàbá àti ìyá jókòó. "Ọmọ yín yóò yè," ó ní. "Ṣùgbọ́n oró inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wọ ọpọlọ kí ẹ tó dé. Mi ò rò pé etí rẹ̀ yóò gbọ́ nǹkan. Mi ò rò pé yóò rìn."

"Ta ló fà á?" ni Mákindé béèrè.

"Àwọn ọmọ kan wà tí ohun kan kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láti inú oyún wá. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀."

Mákindé yíjú sí Ẹ̀yínadé. "Ṣé o gbọ́?"

"Ẹ fara balẹ̀, sà," ni dókítà wí. "Ọ̀pọ̀ wọn ń dàgbà láìsí wàhálà. Nǹkan mìíràn ló sábà máa ń wá fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà, a sì ti rí i lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá. Káńfọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, aṣọ tó wọ̀ wá yìí sì ń rùn káńfọ̀. Ta ló fi sí i?"

Ẹ̀yínadé gbójú sókè. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé kò sẹ́ni tó rí i pé ojú rẹ̀ ń pọ́n ni?" ni dókítà tún béèrè. "À bá lè gbà á nígbà náà."

Mákindé wo ilẹ̀. "Wọ́n sọ fún mi," ó ní.

Wọ́n gbé ọmọ padà sílé. Ọrùn rẹ̀ kò dúró. Bí ìlẹ̀kùn bá dún gbàà, kò ní yíjú. Mákindé gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn adáhunṣe, ó gbé e gun òkè àdúrà, kò sí ìyàtọ̀. Mákindé kò lè jẹun mọ́. Ikú bẹ̀rẹ̀ sí í wù ú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé ọmọ náà lọ sí Ìlóro. Bọ́sẹ̀dé ń sá kòkó síwájú ilé. Ó rí wọn, ó dìde.

"Ọkọ mi, ẹ wọ ulé."

Mákindé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. "Ìyá Eunice, èmi ni mo ṣe é. Mo pè yín ní àjẹ́, èmi gan-an ni mo ba ọmọ mi jẹ́."

Bọ́sẹ̀dé gba ọmọ náà, ó nu itọ́ ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ó dùn mí o. Títí di òní, Eunice kò rí ọkọ fẹ́ nítorí orúkọ tí ẹ sọ mí. Mo ti dárí jì yín. Ojoojúmọ́ ni mo tún ń dárí jì yín, torí ojoojúmọ́ ló ń dùn mí."

"Ọlọ́run yín yìí, bí mo bá gbà á gbọ́, ṣé yóò wo ọmọ mi sàn?"

"Mi ò mọ̀. Mo gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n yín, ó kú."

"Kí ló wá kù fún mi?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ yín ló kù. Ẹ kò lè gbé e, èmi náà kò lè gbé e kúrò lórí yín. Jésù kú nítorí rẹ̀. Ẹ má mú ohunkóhun wá fún un. Ẹ ṣáà sọ òótọ́ fún un."

Lórí ilẹ̀ náà ni Mákindé ti sọ òótọ́. "Jésù, agbéraga ni mí. Mo ba ọmọ mi jẹ́, mo ba aláìṣẹ̀ lórúkọ jẹ́. Mi ò ní ohun tí mo lè fi tù ọ́ lójú. Ṣàánú mi." Ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó dìde, ó mọ̀ pé a ti gbọ́ òun.

Ó padà sí Ìjerò, ó dúró láàrin ọjà, ó ní Bọ́sẹ̀dé kì í ṣe àjẹ́. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn kan kò gbà.

Mo mọ̀ pé o ń retí kí n sọ fún ọ pé Ayọ̀bọ́lá dìde. Kò dìde. Kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ rí títí ikọ́ fi mú un lọ nígbà ọyẹ́. Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi sin ín. Ẹ̀yínadé kò tíì dárí ji ọkọ rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì lè bá a wí. Ohun tí Mákindé ní kò ju pé Ọlọ́run ti dárí jì í. Òun ló fi ń dìde láàárọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, bí ojú ọmọ tuntun rẹ bá pọ́n, sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn dókítà ń ṣe, Ọlọ́run kó túbọ̀ là wọ́n lójú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yẹ ọkàn tìrẹ wò? Ẹ̀ṣẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó ti ń pẹ́ lára ni ó ń wọlé sí i, ó sì ń kó ẹni tó sún mọ́ wa mọ́ wa. Ta ni o ti ṣẹ̀? Ta ni ìgbéraga rẹ ti lé jáde?

N kò ṣèlérí fún ọ pé ohun tó ti bà jẹ́ yóò padà bọ̀ sípò láyé yìí. Mo ń sọ fún ọ pé Jésù kì í ta ẹlẹ́ṣẹ̀ tó bá sọ òótọ́ nù. Má ní ó di ìgbà tí o bá ta kòkó ọdún yìí tán. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí ilẹ̀ òní tó ṣú, kí o sì sọ ọ́ fún un.