Omi Tó Dà Kí Ìrora Tó Dé

Òwúrọ̀ Sátidé ni. Kíkẹ́olúwa ń bó ẹ̀wà nílé wọn ní Karu, lẹ́bàá Àbújá, nígbà tí omi ṣàdédé ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀. Oyún kejì nìyí, oṣù rẹ̀ sì ti pé. Ó nu ilẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Akínọlá ọkọ rẹ̀ rí aṣọ tó tutù náà. "Ìyá Iredélé, ṣé kí n pe ọkọ̀?"

"Kò tíì dùn mí. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n tún lé mi padà ni?"

Akínọlá gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà oyún Iredélé, àkọ́bí wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dé ilé ìwòsàn tí wọ́n ní kí wọ́n padà, pé kò tíì yá. Akínọlá fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà nípàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Ìyá Kò-tíì-yá. Obìnrin náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, òun ò ní lọ síbẹ̀ àfi bí ìrora bá dá òun dúró.

Lọ́sàn-án, omi tó ṣì ń jáde lára rẹ̀ ṣú bí omi ewé. Ọmọ tó máa ń tàpá ṣáá dákẹ́. Ó ní bóyá ó ń sinmi. Ọjọ́ ti rọ̀ kí ìrora tó mú un, tí wọ́n tó wọ ọkọ̀.

Nílé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Sàlímọ́tù gbé ẹ̀rọ lé e níkùn, ó sún un sọ́tùn-ún, ó sún un sósì, ó pe dókítà. Dókítà náà ò gbọ́ ìró ọkàn ọmọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bí i ní òkú. Obìnrin ni, ó sì sanra.

"Mo rò pé ẹ máa lé mi ni," ni Kíkẹ́olúwa ń wí ṣáá.

Sàlímọ́tù jókòó tì í. "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹni tó ní kí ẹ padà níjọ́sí ò sọ ohun tí ẹ máa rí tí ẹ ó fi tún wá. Àpò omi ló ń dáàbò bo ọmọ. Bó bá ti bẹ́, àrùn ti rọ́nà wọlé, ìrora ì báà má tíì dé. Bó bá ní àwọ̀ ewé, ọmọ ti yàgbẹ́ sínú rẹ̀, ara lè máa ni ín."

Akínọlá kọjú sí ògiri. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe mọ́.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ̀yin ọkọ, ìrora tí kì í ṣe ti ìrọbí a máa wá, a máa lọ. Bí ẹ bá rìn tàbí tí ẹ sinmi, ó lè rọlẹ̀. Ti ìrọbí gidi ń le sí i ni, ó ń pẹ́ sí i, ó sì ń súnmọ́ra. Ẹ gbéra nígbà náà, pàápàá ẹni tó ti bímọ rí, nítorí ìkejì sábà máa ń yá ju ìkíní lọ. Ṣùgbọ́n bí omi bá dà, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bí ọmọ ò bá yí bó ṣe ń yí, tàbí tí orí ń fọ́ yín tí ojú sì ń ṣe bàìbàì, ẹ má dúró de ìrora. Ẹ lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ẹ máa rí tí ẹ ó fi tún wá. Kí ẹnikẹ́ni má fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n ní kó padà, ó gbé ọmọ rẹ̀ padà sílé láàyè nínú ikùn ni.